RỌPÁRỌSẸ̀ TÍ IṢAN DÍDÍ Ń FÀ: Ẹ KỌ́KỌ́ WO AAGO

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí àwọn kan nínú yín ti ń rọ̀ mí pé kí n kọ nǹkan nípa àrùn rọpárọsẹ̀ sínú ìwé wa yìí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Láti Challenge títí dé Adéọ̀yọ́, kò sí ìlà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn kò ti mọ ẹni tí apá kan àti ẹsẹ̀ kan kọṣẹ́ fún lójijì, tí ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan padà sọ́jà. Ọ̀pọ̀ kò padà.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé owó ẹgbẹ́ ni mo ń kọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni èyí tí àwọn oníṣègùn kárí ayé, àti ti Ìbàdàn wa níbí pàápàá, ti fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀ nípa irú rọpárọsẹ̀ tó ń wá nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn tàbí ti inú ọpọlọ bá dí. Ìtọ́jú wà fún un. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà ní aago tirẹ̀, aago ọ̀hún kì í sì í dúró de ìpàdé ẹbí.

Ọpọlọ ènìyàn kò ní sítọ́ọ̀ tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé ní ìṣẹ́jú yìí ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú yìí, bí alátẹ tó ń ta kìkì ohun tó rà láàárọ̀. Iṣan ńlá 4 ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà gun orí. Méjì gba iwájú ọrùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò yín jẹ́jẹ́, ẹ ó gbọ́ bí ó ti ń lù. Méjì yòókù gba inú egungun ọrùn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá dé inú agbárí, wọ́n á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ẹ̀ka igi.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tó ń mu sìgá, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀, bí ìpẹtà ti ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù omi. Ihò iṣan á máa fún. Lọ́jọ́ kan, ojú ibi tí ọ̀rá náà lẹ̀ mọ́ á bó, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ó lè dí iṣan níbẹ̀, ó sì lè já, kí ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ dí iṣan kékeré lókè. Nígbà mìíràn, inú ọkàn tí kò lù déédéé mọ́ ni ẹ̀jẹ̀ dídì náà ti ń wá. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, apá ibi tí iṣan náà ń bọ́ nínú ọpọlọ ni ebi yóò pa. Bó bá jẹ́ ọpọlọ apá òsì, ara ọ̀tún ni yóò kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu sì máa ń bá a lọ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Irú kejì wà o: èyí tí iṣan bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ. Lójú, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Kò sí baba tàbí ìyá tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀, dókítà pàápàá kò lè ṣe é. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà wa yìí ṣàpèjúwe. Bí tírélà bá ṣubú dí ọ̀nà ní Challenge, ọkọ̀ kò ní dúró lójú kan náà. Àwọn awakọ̀ Micra á wọ àdúgbò, wọ́n á gba ojúlé onílé, ọ̀nà tóóró, títí wọn yóò fi já sí iwájú. Ọjà díẹ̀ á ṣì dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àdúgbò kò lè gbé ẹrù òpópónà pẹ́ títí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ. Nígbà tí iṣan ńlá bá dí, ibi tó sún mọ́ ọn jù lọ á kú kíákíá. Ṣùgbọ́n yíká ibẹ̀, apá kan wà tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì ń gba iṣan kéékèèké dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Apá yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Ó dákú ni. Apá tó dákú yìí ni gbogbo ìtọ́jú ń sáré torí rẹ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Jeffrey Saver, ṣírò rẹ̀ ní 2006: bí iṣan ńlá bá dí, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń kú ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó 1,900,000. Ẹ fi èyí ṣírò wákàtí kan tí a fi ń wá epo ìpara kiri.

ÀMÌ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni «lójijì». Ẹ ní kí ẹni náà rẹ́rìn-ín, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan wọ́. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kó di ojú, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ń rọ̀ wálẹ̀. Ẹ ní kó pe orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọjọ́ òní, kí ẹ gbọ́ bóyá ahọ́n lọ́ tàbí ó ń sọ ohun tí kò yé ni. Ojú kan lè ṣú lójijì, òòyì líle lè kọ́ ẹni náà tí kò fi lè dúró. Bí ọ̀kan péré bá wà nínú nǹkan wọ̀nyí, ó tó.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan wo aago, kó sì kọ ọ́ sórí ìwé tàbí ẹ̀yìn ọwọ́. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá a nílẹ̀ ni dókítà yóò béèrè o. Ohun tí yóò béèrè ni pé nígbà wo ni ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ le. Bí ó bá sùn ní aago 10 alẹ́ ní àlàáfíà, tó jí ní aago 6 pẹ̀lú apá tó kú, láti aago 10 ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá a gbé, tàbí ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fi gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ náà lọ. Ìbátan tó bá ti Ṣàgámù dé lálẹ́ kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta aṣọ, tí n kò ní dárúkọ, ni ẹnu rẹ̀ wọ́ ní nǹkan bí aago 9 àárọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn aládùúgbò fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ẹni tó fi í sílẹ̀. Wọ́n fi àdí pa á lára. Ẹnì kan bu àgbo wá, wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ó sì há a lọ́fun. Wọ́n ránṣẹ́ pe wòlíì, wọ́n dúró de ọkọ rẹ̀ kó dé láti oko. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ọsibítù, èyí tí wọn ì bá dé ní ìdajì wákàtí. Dókítà béèrè aago, wọ́n wí, ó sì mi orí. Ó wà láàyè lónìí, a dúpẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ta aṣọ náà, òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣẹ́ owó fún oníbàárà mọ́.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbàgbọ́. Ẹni tó bá gbà pé ayé ló ṣe é, kí ó gbé e sínú mọ́tò ná, kí àdúrà máa tẹ̀ lé mọ́tò lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: apá tó rọ kọ́ ni àìsàn, inú orí ni àìsàn wà, ìpara kankan kò sì lè dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní omi, oúnjẹ tàbí àgbo, nítorí ọ̀nà ọ̀fun lè ti kọṣẹ́, kí ohun tí ẹ rọ gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ fún un. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ẹlòmíràn kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè wálẹ̀. Nígbà tí iṣan bá dí, ẹ̀jẹ̀ tó ga ló ń ti ìwọ̀nba tó kù gba ọ̀nà àdúgbò, bí ẹ bá sì já a wálẹ̀ gììrì, apá tó dákú yóò kú. Ìgbà tí ó yẹ kó wálẹ̀ àti bí yóò ṣe wálẹ̀ tó, iṣẹ́ dókítà ni. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bó bá ń bì tàbí bó bá ń sùn lọ, kí ẹ sì máa lọ.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE NÍ ỌSIBÍTÙ

Wọn yóò kọ́kọ́ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, nítorí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù lè ṣe bí rọpárọsẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, síkáànì ọpọlọ ló kàn. Mo sọ lókè pé ojú lásán kò lè ya iṣan tó dí kúrò lára iṣan tó bẹ́. Ẹ̀rọ yìí ló lè ṣe é. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún ènìyàn, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣáájú ìgbà náà, àfọwọ́tá ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tí a ń pè ní SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólàbí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà ṣe láti 2014 sí 2017, ka aláìsàn 2,118. Nínú 100, bí 68 ni iṣan wọn dí, bí 32 sì ni iṣan wọn bẹ́. Ẹ rí i pé bí a bá mú ẹni 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ń sun ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, bí a bá fún ẹni náà, ikú la fún un. Nítorí náà, asipirínì pàápàá, tí gbogbo kẹ́míìsì ń tà, kí ẹnikẹ́ni má fún aláìsàn nílé kí síkáànì tó sọ̀rọ̀.

Bí síkáànì bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò ya, tí àkókò sì wà, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ló kàn. Alteplase ni orúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù. Inú iṣan apá ni wọ́n ń fà á sí, fún wákàtí kan. Ní 1995, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 624 tí wọ́n fún ní oògùn yìí, tàbí omi lásán, láàrin wákàtí 3 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù 3, àwọn tí ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ padà bọ̀ sípò pátápátá pọ̀ díẹ̀ láàrin àwọn tó gba oògùn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Mi ò ní fi ewu rẹ̀ pamọ́: nínú 100 tó gbà á, bí 6 ni ẹ̀jẹ̀ ya sí lọ́pọlọ, nígbà tí kò pé 1 nínú 100 láàrin àwọn yòókù. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń béèrè ìbéèrè púpọ̀ kó tó fún ẹni kankan: ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un láìpẹ́, ṣé ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èló ni ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹ má bínú sí i. Ní 2008, ìwádìí ilẹ̀ Yúróòpù fi hàn pé oògùn náà ṣì wúlò títí dé wákàtí 4 àti ààbọ̀. Ẹ má wá rò pé ẹni tó dé ní wákàtí 4 bá ẹni tó dé ní wákàtí kan dọ́gba. Bí ó bá ti ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èrè rẹ̀ ń dín.

Ìtọ́jú mìíràn wà fún iṣan ńlá tó dí. Dókítà yóò ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan abẹ́ itan, yóò máa wò ó lójú ẹ̀rọ bó ti ń gun àyà, tó ń gun ọrùn, títí yóò fi dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí nínú orí, yóò sì fi àwọ̀n wáyà kékeré fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde bí ẹni fi àwọ̀n fa ẹja. Ìwádìí tó wá láti ilẹ̀ Họ́láńdì àti ilẹ̀ mìíràn ní 2015 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní 2018 wọ́n tún rí i pé àwọn kan ṣì lè jèrè rẹ̀ títí dé wákàtí 24, bí síkáànì bá fi hàn pé apá tó dákú ṣì pọ̀ ju apá tó kú lọ. Ọ̀nà àdúgbò tí mo sọ níṣàájú nìyẹn: ti àwọn kan gbòòrò ju ti ẹlòmíràn lọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ọsibítù tó ní oògùn atúdì yìí kò pọ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tó lè ki rọ́bà dé inú orí tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì wúwo. Ẹlòmíràn á wá ní, «Kí ni mo ń sáré fún nígbà náà?» Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Àwọn nǹkan tí kò wọ́n wà tó ń gba ẹ̀mí là, àwọn náà sì fẹ́ kí a tètè dé. Asipirínì jẹ́ ọ̀kan. Ìwádìí ńlá méjì tó jáde ní 1997, tí iye ènìyàn inú wọn jẹ́ bí 40,000, fi hàn pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin wákàtí 48 fún ẹni tí iṣan rẹ̀ dí, bí ẹni 9 nínú 1,000 ni yóò bọ́ lọ́wọ́ ikú tàbí rọpárọsẹ̀ mìíràn. Ó dà bí ẹni kéré. Ẹ fi kóbọ̀ tí wọ́n ń tà á wé e. Èkejì ni wọ́ọ̀dù tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà rẹ̀ mọ iṣẹ́ rọpárọsẹ̀: wọ́n á dán ọ̀fun wò kó tó jẹun, wọ́n á máa yí i padà kí egbò má bà á dá sí i lẹ́yìn, wọ́n á wo ibà, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n á sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní jíjókòó àti rírìn. Kò sí ẹ̀rọ ńlá nínú èyí. Ó ń dín ikú kù, ó sì ń mú kí àwọn tó lè dá gbọ́ bùkátà ara wọn pọ̀ sí i.

Ìbàdàn kò kẹ́yìn nínú ìmọ̀ yìí. Ní UCH tí wọ́n ṣí ní 1957, Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962. Láti 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọde Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún gbogbo rọpárọsẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ nínú ìlú yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1979. Kíkọ sílẹ̀ ni mo fẹ́ràn nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé: àrùn tí ẹnikẹ́ni kò bá kà, kò sí ẹni tó máa mọ̀ bó ti pọ̀ tó.

ÌKÌLỌ̀ TÓ MÁA Ń ṢÁÁJÚ

Nígbà mìíràn, apá á rọ fún ìṣẹ́jú 10, tàbí ojú kan á ṣú bí ẹni ta aṣọ síwájú rẹ̀, ó sì tún padà dáa. Ọlọ́jà á rẹ́rìn-ín, á ní oorun ni, á padà sídìí àtẹ. Ẹni yẹn gan-an ló yẹ kó sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà! Ewu rọpárọsẹ̀ gidi pọ̀ jù láàrin ọjọ́ 2 tó tẹ̀ lé e. Wọn yóò fi ẹ̀rọ wo iṣan ọrùn rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti dí ihò rẹ̀ kọjá ìdá 70 nínú 100, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń la iṣan ọrùn, tí wọ́n á ha ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á sì rán an padà. Ọ̀mọ̀wé Michael DeBakey ṣe é ní Houston ní 1953 fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan. Ìwádìí tó jáde ní 1991 fi hàn pé láàrin ọdún 2, bí 26 nínú 100 àwọn tó lo oògùn nìkan ni rọpárọsẹ̀ mú ní apá ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí 9 péré láàrin àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Láàrin ọ̀sẹ̀ 2 sí ìgbà tí ìkìlọ̀ náà wá ló dára jù pé kí wọ́n ṣe é.

Ti ohun tó ń fà á, mi ò ní gùn. Ìwádìí SIREN tí mo dárúkọ lókè fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣáájú gbogbo rẹ̀, ó jìnnà sí àwọn yòókù. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, iyọ̀ tí a ń wọ́n sórí oúnjẹ tó ti jinná, ẹran ní gbogbo ìgbà àti sìgá wà níbẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé àwọn tí kì í jẹ ewébẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ń mú jù. Ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó máa fi polówó.

Wàyí o, ètò wa. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé owó-yá pàjáwìrì fún ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ kò ní dúró de ìpàdé oṣù mọ́: alága tàbí akápò pẹ̀lú èmi lè fọwọ́ sí i lórí fóònù, a ó sì fi owó náà ránṣẹ́ sí ọsibítù tààrà, nítorí ọ̀pọ̀ ibi kì í ṣe síkáànì bí a kò bá sanwó. Ẹni tí kò bá tíì wọ ètò ìlera OYSHIA ti ìjọba Ọ̀yọ́, kí ó wá bá mi kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ àti ohun tó kó mọ́ra. Kí olúkúlùkù mọ̀ ṣáájú ọsibítù tí wọn yóò gbé òun lọ, kí ó sì ti béèrè bóyá síkáànì ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá ní UCH ni, ẹ mọ̀ bí Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá ṣe máa ń rí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ẹ yan ọ̀nà yín láti ìsinsìnyí. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní ọ́fíìsì wa, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá dáwó oṣù yìí, ẹ mú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ìbátan méjì tó wà nítòsí wá, àti orúkọ oògùn tí ẹ ń lò, kí n lè kọ wọ́n sẹ́yìn káàdì yín.